Abèèrè Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ìtàn Báípáàsì Winchester àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú Láti Sọ Tẹnu Rẹ̀

Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n sì tún ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òwe méjèèjì yìí ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni, ọ̀rọ̀ fífá orí lẹ́yìn olórí sì ni pẹ̀lú.

Kò sí ẹni tí ó ń gbé ìlú ńlá ní orílẹ̀-èdè wa yìí tí kò mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn awọnlẹ̀ yóò dé pẹ̀lú okùn àti agolo ọ̀dà pupa. Wọn yóò fi ọ̀dà kọ àmì sára ògiri ilé, sára ṣọ́ọ̀bù, nígbà mìíràn sára ilé ìjọsìn. Bí onílé bá bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọn yóò dáhùn pé ọ̀nà fẹ́ gbòòrò sí i. Àwa tí a fi Òkè Ọya ṣe ibùgbé, tí a sì ń rìn lọ sílé fún ọdún tàbí fún ìsìnkú, a mọ ohun tí ọ̀nà tóóró ń fi ojú ẹni rí. A kò lòdì sí ọ̀nà tí ó gbòòrò. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí ó yẹ kí á máa bi ara wa. Ta ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ kí wọ́n tó fa ìlà ọ̀nà náà? Ìgbà wo ni wọ́n fi lọ̀ ọ́? Bí ó bá sì ní òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí ó sọ lè yí ohunkóhun padà?

Ìlú kan wà ní Ìlú Ọba tí wọ́n ń pè ní Winchester. Láti ọdún 1971 títí di ọdún 1994 ni àwọn ará ibẹ̀ fi ja ìjà lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí, nítorí báípáàsì kan tí ìjọba fẹ́ sọ di ọ̀nà ńlá. Mo yan ìtàn wọn nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àwa náà ti kọ́kọ́ gba òfin tí ìjọba fi ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú fún iṣẹ́ ìlú. Ìjọba amúnisìn ló gbé òfin gbígba ilẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1917. Bí ó bá rí báyìí fún àwọn tí a ti gba òfin, ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n.

Ìlú náà àti báípáàsì rẹ̀

Agbègbè Hampshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Winchester wà. Ìlú àtijọ́ ni. Ibẹ̀ ni ọba Alfred, tí ó wàjà ní ọdún 899, fi ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀, Winchester College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1382, tí ó sì wà títí di òní. Odò Itchen ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà. Ní etí odò yìí ni àwọn pápá kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ máa ń la ipadò sí, kí omi lè bo koríko, kí ẹran lè rí oúnjẹ jẹ ní kùtùkùtù ọdún. Inú pápá odò yìí ni akéwì John Keats ti máa ń rìn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1819, tí ó fi kọ ewì rẹ̀ tí ó lókìkí lórí ìgbà ìkórè. Ní ìlà-oòrùn pápá náà ni òkè St Catherine dúró sí, tí odi àtijọ́ tí àwọn ènìyàn mọ kí wọ́n tó bí Jésù ṣì yí ká. Lẹ́yìn òkè yìí ni òkè mìíràn wà, tí í ṣe òkè ẹfun tí koríko bò, tí wọ́n ń pè ní Twyford Down.

Ọ̀nà tí ó wá láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí èbúté Southampton gba àárín ìlú yìí kọjá. Nígbà tí mọ́tò pọ̀, ìlú kò gbà á mọ́. Ní àwọn ọdún 1930 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ báípáàsì, ìyẹn ọ̀nà tí yóò gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Wọ́n fi í sí àlàfo tóóró tí ó wà láàárín pápá odò àti òkè St Catherine. Ọ̀nà onílà méjì ni, àwọn tó ń lọ ní tiwọn, àwọn tó ń bọ̀ ní tiwọn. Ohun ìgbàlódé ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1960, báípáàsì tí wọ́n là kí ìlú lè mí ti di ibi tí kò sí ẹni tí ó lè mí. Iná tó ń darí ọkọ̀ wà níbì kan tí wọ́n ń pè ní Hockley, àwọn tó ń lọ sí etíkun nígbà ìsinmi sì máa ń tò síbẹ̀ bí èèrà. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tí àwa náà mọ̀ dáadáa ni.

Ní àkókò yìí ni ìjọba ń la ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n pè ní M3, láti Lọ́ńdọ̀nù sí ìhà Southampton. Láàárín ọdún 1971 sí 1974, wọ́n ti ṣí àwọn apá tó sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ibi tí ó kù tí ó ní wàhálà ni Winchester. Èrò ìjọba ni pé kí ọ̀nà márosẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ báípáàsì, kí ojú ọ̀nà tó wà níbẹ̀ di fífẹ̀ gan-an, kí ó sì jẹ wọ inú pápá odò.

Ìjókòó àkọ́kọ́: ọdún 1971

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é nígbà náà. Bí ìjọba bá fẹ́ la ọ̀nà, wọn yóò tẹ ìkéde sínú ìwé ìròyìn, wọn yóò sì fi àwòrán ilẹ̀ hàn níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ti lè lọ wò ó. Wọn yóò fún àwọn ènìyàn ní àkókò láti kọ̀wé pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Bí àwọn alátakò bá wà, wọn yóò yan ẹnì kan ṣe alága, yóò sì jókòó ní gbangba láti gbọ́ tẹnu ìjọba àti tẹnu àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mínísítà, mínísítà ni yóò sì pàṣẹ.

Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ilé-iṣẹ́ mínísítà ló fẹ́ la ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń yan alága. Mínísítà kan náà ló ń dájọ́ níkẹyìn. Àwa náà mọ̀ pé bí ológbò bá jẹ́ adájọ́, ibi tí ẹjọ́ eku yóò já sí kò ṣòro láti mọ̀.

Ìjókòó lórí ìlà M3 ní Winchester wáyé ní ọdún 1971. Ariwo kò pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ bí ohun tí ó wà lórí bébà yóò ṣe rí lórí ilẹ̀. Bébà kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ ni ìlà tí a fi gègé fà kì í run pápá. Ní ọdún 1973, ìjọba fi òǹtẹ̀ lu ìlà ọ̀nà náà. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní M3 Joint Action Group, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ìyá ilé ló wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe jàǹdùkú rárá.

Ìjókòó kejì: ọdún 1976

Ní ọdún 1976, ìjọba tún pe ìjókòó mìíràn. Èyí kì í ṣe nítorí ìlà ọ̀nà mọ́, nítorí àwọn ọ̀nà kéékèèké tí yóò so mọ́ ọn ni, àti nítorí ilẹ̀ tí wọn yóò gbà. Àwọn ará ìlú dé, wọ́n pọ̀ bí omi. Wọ́n fẹ́ bèèrè bóyá ọ̀nà náà tilẹ̀ pọn dandan. Wọ́n fẹ́ mọ bí ìjọba ṣe ṣírò iye ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò máa gba ibẹ̀ ní ọdún iwájú. Ìdáhùn tí wọ́n gbà ni pé ìyẹn ti kọjá, pé ọdún 1973 ni wọ́n ti parí rẹ̀.

Inú bí wọn. Bí a bá pe ènìyàn sí ìpàdé láti wá sọ èrò ọkàn rẹ̀ lórí orí tí wọ́n ti fá tán, kí ni ó kù kí ó sọ? Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìjókòó dàrú. Àwọn ènìyàn ń pariwo, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kí alága má lè sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń kọrin. Olùkọ́ kan tí ó ń jẹ́ John Tyme, tí ó ń kọ́ni ní Sheffield, wà lára àwọn tí ó ti ń lọ káàkiri irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé ìjókòó tí kò gbọdọ̀ bèèrè bóyá ọ̀nà wúlò, ẹ̀tàn ni. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1978. Àwọn ọlọ́pàá wọlé. Lára àwọn tí wọ́n lé jáde ni John Thorn, ọ̀gá àgbà Winchester College fúnra rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀ta ọdún (600) tí wọ́n dá a sílẹ̀, tí wọ́n ń tì jáde kúrò nínú ìpàdé nítorí ọ̀nà. Gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́.

Ariwo yẹn kò já sófo. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde tí Sir George Leitch jẹ́ alága rẹ̀ láti yẹ bí wọ́n ṣe ń ṣírò àǹfààní ọ̀nà wò. Àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 1978, ó sì fi hàn pé ìṣirò owó àti àkókò ìrìn-àjò nìkan kò tó. Ó yẹ kí wọ́n wo ohun tí ọ̀nà yóò ṣe fún àwọn tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti fún ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún kan náà ni wọ́n yí ìlànà padà, tí ó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà kọ́ ni yóò máa fa alága ìjókòó kalẹ̀ mọ́, ọwọ́ Lord Chancellor, olórí ètò ìdájọ́, ni ó bọ́ sí. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba ti pa ìlà pápá odò tì. Àwọn ará ìlú borí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní ọdún 1980 yìí kan náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà dájọ́ kan lórí ọ̀nà márosẹ̀ mìíràn, nínú ẹjọ́ tí ẹnì kan tí ó ń jẹ́ Bushell pè. Wọ́n ní alága ìjókòó lè kọ̀ kí àwọn alátakò má fi ìbéèrè tú ìṣirò ọkọ̀ ọjọ́ iwájú tí ìjọba ń lò wò, nítorí pé ètò ìjọba fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbègbè kan. Adájọ́ kan péré, Lord Edmund-Davies, ló yapa. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣe kókó jù lọ, pé ǹjẹ́ a nílò ọ̀nà yìí, ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà kúrò létí odò, ó gun òkè lọ

Ọkọ̀ kò dín kù. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ṣì wà ní Hockley. Ìjọba wá gbé ìlà tuntun jáde: kí ọ̀nà fi pápá odò sílẹ̀, kí ó yí sí ẹ̀yìn òkè St Catherine, kí wọ́n sì gé òkè Twyford Down sí méjì kí ó lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n tún ṣèlérí pé àwọn yóò wú báípáàsì àtijọ́ kúrò, pé wọn yóò dá ilẹ̀ ibẹ̀ padà fún koríko. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti jà fún pápá odò ló gba èyí wọlé. Lójú wọn, iṣẹ́gun ni. Ìjókòó lórí rẹ̀ wáyé ní ọdún 1985.

Níbí ni ìtàn náà ti di ẹ̀kọ́. Pápá odò ní alágbàwí. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́lá ń wò ó láti ojú fèrèsé wọn, akéwì ti yìn ín. Òkè Twyford Down kò ní ẹni bẹ́ẹ̀. Àgùntàn ló ń jẹ lórí rẹ̀, labalábá aláwọ̀ búlúù ló ń fò lójú koríko rẹ̀, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àwọn ará àtijọ́ sì ṣì hàn níbẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin dáàbò bo àwọn ibi àtijọ́ àti koríko ṣíṣọ̀wọ́n tó wà lórí òkè náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ àwọn ènìyàn, ohùn tí ó gbèjà rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni tí ó lè pariwo, wọ́n gbé e lé orí èyí tí kò lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ó yá, àwọn kan dìde. Barbara Bryant, tí ó jẹ́ kánsílọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba nígbà náà gan-an, wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọn kò sọ pé kí ìjọba má la ọ̀nà. Wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè náà kọjá, kí òkè lè wà lódidi. Wọ́n tún ìjókòó ṣí ní ọdún 1987 láti gbọ́ èyí. Ìjọba ní ihò abẹ́ òkè yóò gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn lé ní ti tẹ́lẹ̀, àwọn kò sì lè san án. Ní ọdún 1990, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé òkè náà.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1992

Àwọn alátakò gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ìdí ni pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin kan ní ọdún 1985, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1988, pé kí ìjọba tó fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá, ó gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí àyíká, kí ó sì jẹ́ kí ará ìlú rí i kí wọ́n sọ èrò wọn. Ilé-ẹjọ́ ní iṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí òfin tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òfin kò mú un. Ní ọdún 1991, kọmíṣọ́nnà Yúróòpù lórí àyíká, Carlo Ripa di Meana, kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyẹn náà kò dá iṣẹ́ dúró.

Nígbà tí òfin kò gbà wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ kan lọ pàgọ́ sórí òkè. Wọ́n pe ara wọn ní Dongas, nítorí pé báyìí ni wọ́n ń pe àwọn ojú ọ̀nà jíjìn àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, gúúsù Áfíríkà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un wá, ó sì túmọ̀ sí kòtò tí àgbàrá gbẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1992, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n wọ aṣọ yẹ́lò wọ ibẹ̀ pẹ̀lú katapílà, wọ́n sì fi agbára lé àwọn ènìyàn kúrò. Títí di òní ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà ní Ọjọ́rú Yẹ́lò. Ní ọdún 1993, àwọn kan lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n padà sórí òkè lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gé òkè náà. Ọ̀nà ṣí ní ọdún 1994. Ìjọba mú ìlérí kan ṣẹ: wọ́n wú báípáàsì àtijọ́, wọ́n kó erùpẹ̀ dí i, koríko sì hù síbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti pápá odò dé òkè St Catherine láìrí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn òkè náà ni ariwo ọkọ̀ wà, nínú àfonífojì funfun tí ènìyàn gbẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè dí i padà.

Ní ọdún 1994 yìí kan náà, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀nà jábọ̀ pé ọ̀nà tuntun máa ń fa ọkọ̀ tuntun wá, pé fífẹ ọ̀nà nìkan kò lè tán sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ìbéèrè tí wọ́n lé àwọn ará Winchester jáde nítorí rẹ̀ ní ọdún 1976, òun ni àwọn ọ̀mọ̀ràn wá dáhùn lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́?

Ní ọjọ́ kejì Ọjọ́rú Yẹ́lò gan-an, ìyẹn ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1992, ni òfin ológun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà: Dìkíríì 86, òfin àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká. Ọjọ́ ló kàn bá ara wọn mu, ọ̀kan kò ti inú èkejì wá. Ohun tí ó la ojú ìjọba tiwa sí ọ̀rọ̀ àyíká ni májèlé tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè wá dà sí Kókò ní ọdún 1988. Òfin náà ṣì wà. Ó ka ọ̀nà márosẹ̀ àti ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ tí wọn kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Ìpín keje rẹ̀ sọ pé kí ìjọba tó pinnu, ó gbọ́dọ̀ fún àwọn ará ìlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ èrò wọn. Ẹ kíyè sí i: àwọn ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ bíi tiwa yìí wà níbẹ̀. Àṣà ilé-iṣẹ́ ètò àyíká ìjọba àpapọ̀ ni láti gbé ìwé àyẹ̀wò náà kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21.

Òfin kejì tí ó yẹ kí á mọ̀ ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978. Òun ló fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ nítorí àǹfààní gbogbo ìlú. Òfin yìí kò sọ pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Ìwé ìfitónilétí ló sọ pé kí wọ́n fún ọ. Bí wọ́n kò bá rí ọ, wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé. Owó gbà-máà-bínú tí ó là sílẹ̀ sì jẹ́ ti ilé, irè oko àti ohun tí ènìyàn ṣe sórí ilẹ̀, pẹ̀lú owó ilẹ̀ tí ó san ní ọdún tí wọ́n gbà á. Iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Nítorí náà, òfin méjì ló wà. Ọ̀kan ní kí wọ́n bi ọ́, èkejì ní kí wọ́n sọ fún ọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, èyí tí ó ní kí wọ́n sọ fún wa nìkan la mọ̀, ọ̀dà pupa sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí ọ̀dà bá dé ara ògiri, ọdún 1976 ti Winchester ni a wà yẹn. Ọdún 1971 ti kọjá lọ láìsí ẹni tó rí i.

Ohun tí a lè mú lọ sílé

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé kí á tètè dé. Àwọn ará Winchester jẹ́ ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́rọ̀, síbẹ̀ wọ́n pàdánù ìgbà àkọ́kọ́ nítorí pé wọn kò ka ìkéde náà sí. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa yan ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti máa ka ìkéde ìjọba nínú ìwé ìròyìn, láti máa gbọ́ ti rédíò, àti láti máa lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ bèèrè.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí á má lọ pẹ̀lú ẹkún nìkan. Àwọn tó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò abẹ́ òkè kò borí, ṣùgbọ́n wọ́n mú kí wọ́n tún ìjókòó ṣí, nítorí pé ọ̀nà mìíràn wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n lè fi hàn. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ní awọnlẹ̀, a ní agbẹjọ́rò, a ní ẹnjiníà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí á lò wọ́n.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kí á má fi ara wa sílẹ̀ nítorí pé ayálégbé ni wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa níhìn-ín kò ní ilẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí a yá ni a fi ń tọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ onílé, orúkọ wa kì í sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àyíká kò sọ pé onílẹ̀ nìkan ni kí ó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé bá sì fi owó sí, ìlànà wọn ní kí wọ́n ka ayálégbé àti ẹni tí ó ń pàtẹ náà mọ́ àwọn tí iṣẹ́ náà yóò pa lára. Ẹni tí kò bá bèèrè kò ní mọ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló le jù. Bí a bá borí, kí á wo ibi tí ẹrù náà ń lọ. Bí ọ̀nà bá yẹra fún ṣọ́ọ̀bù wa, tí ó wá gba àárín oko àwọn ará abúlé kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì, ṣé a ti ṣẹ́gun ni? Àwọn tó gba pápá odò là ní Winchester kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n kàn dúró níbi tí tiwọn ti parí. Àlejò ni a jẹ́ ní ibi tí a wà yìí, àwọn onílé wa sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀nà tí a bá béèrè pé kí ó yà fún wa, kí á bá ẹni tí yóò yà sí lórí jókòó pọ̀ kí á tó béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà yóò máa gbòòrò sí i ní Nàìjíríà, nítorí pé a pọ̀, a sì ń rìn. Kí ó gbòòrò, ṣùgbọ́n kí olórí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fá orí. Kí Olódùmarè fún wa ní ẹ̀mí àti okun láti máa bèèrè kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì mú gbogbo àwọn arìnrìn-àjò wa délé láyọ̀. Àmín.